Ẹ Má Kí Mi Kú Ìrójú Mọ́

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni obìnrin kan gbé ańkárá yáàdì mẹ́fà wá bá mi, ó ní òun fẹ́ fi rán ìró àti bùbá. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dé ilé mi nìyẹn, oníbàárà mi kan ló júwe mi fún un. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ojú rẹ̀ bọ́ sára Àkànní ọmọ mi lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, ló bá dúró sójú kan. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Háà, màmá, ẹ kú ìrójú o. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Àkànní ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí gbá fèrèsé, kò sì sí ohun tó ń pa Àkànní lẹ́rìn-ín láyé bíi kí nǹkan gbá ẹni tó jù ú lọ. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ara ló fi ń rín in. Ọrùn á fà sẹ́yìn, apá méjèèjì á máa lọ, á máa bọ̀ bíi ti ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, itọ́ á máa dà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé gìrì ló dé. Oníbàárà mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ kú ìrójú. Gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ilé òkú ni, wọ́n á sì fi ẹ kú ará-fẹ́ra-kù tì í lẹ́yìn. Yorùbá ní ìkíni fún ohun gbogbo: fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó jókòó, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun, ẹni tí òjò pa. Ó ti lé lọ́dún méje báyìí tí mo ti ń retí kí ẹnì kan wá èyí tó bá èmi àti ọmọ mi mu. Èyí kọ́. N kò sin ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń ka èyí tí àpótí aṣọ ọmọ rẹ̀ ń ta sánsán lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Télọ̀ ni mí. Ilé télọ̀, ilé káńfọ̀ ni. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Òkè-Àdó kì í jẹ́ kí aṣọ olówó ńlá wọ àpótí láìjẹ́ pé ó ju káńfọ̀ funfun mẹ́rin márùn-ún sí i, nítorí aáyán àti kòkòrò tó ń jẹ aṣọ. Mo gba fíríìdọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì gba àṣà náà mọ́ ọn. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin dàgbà kúrò ní aṣọ ìkókó, mo fọ gbogbo rẹ̀, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀lù tí mo fi ọwọ́ mi hun. Mo lọ̀ wọ́n, mo tò wọ́n sínú àpótí irin, mo da káńfọ̀ sí i. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé Àkànní délé láti ilé ìgbẹ̀bí, ìyá ọkọ mi ló ṣí àpótí náà. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Inú wa dùn sí i. Lójú tiwa, òórùn ọmọ tuntun nìyẹn, ohun tá a ti ń gbọ́ lára ìkókó láti kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo gbé e padà síbi tí mo bí i sí, ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà sí wa. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní ibà pọ́njú ni, pé gbogbo ọmọ ló ń ṣe é, kí n máa sá a sí oòrùn àárọ̀, kí n sì máa fún un ní omi gúlúkóòsì. Wọ́n tún kọ oògùn olómi kan tó ń pa kòkòrò àrùn fún un. Kò sí ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mo lọ sílé, mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Mo sá ọmọ mi bí ẹni sá èlùbọ́. Láti aago méje àárọ̀ títí di mẹ́jọ, ìhòòhò, lórí ẹní, mo ń yí i síwá, mo ń yí i sẹ́yìn. Tí oòrùn bá wọlé, mo tún máa wọ ṣọ́ọ̀lù náà fún un.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, kò fa ọmú mọ́. Igbe rẹ̀ yí padà, ó dún fíìn bí ohùn ológbò. Tí mo bá sì gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fà. Dókítà tó gbà á ní ilé ìwòsàn ńlá kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó fi ìka tẹ imú rẹ̀, ó tẹ àyà rẹ̀, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yíjú, ó pariwo orúkọ ẹnì kan. Wọ́n di ojú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù. Lóru ọjọ́ yẹn ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á fa ìwọ̀nba díẹ̀ jáde nínú tirẹ̀, wọ́n á fi ti ẹlòmíràn dípò rẹ̀, wọ́n á tún fa òmíràn. Èmi tí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ń ka sìríńjì. Mo ka ogójì, wọn ò tíì parí.

Ó yè. Ṣùgbọ́n nǹkan náà ti gòkè kí wọ́n tó lé e bá.

Dókítà obìnrin kan ló jókòó tì mí tó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà, mo sì ń sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ẹ̀jẹ̀ pupa ọmọ tuntun a máa gbó, a sì máa fọ́, ohun pupa rúsúrúsú tó ń jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bilirubin. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó kó o dànù, ẹ̀dọ̀ ọmọ ọjọ́ méjì kò sì tíì tó iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń pọ́n díẹ̀ tí á sì lọ. Àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan náà á pọ̀ débi pé á wọnú ọpọlọ. Ibi tó sì máa ń bà jẹ́ jù níbẹ̀ ni ibi tó ń darí bí apá, ẹsẹ̀ àti ọrùn ṣe ń lọ, àti ọ̀nà tí ìró ń gbà láti etí dé ọpọlọ. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé Àkànní gbọ́n, ara rẹ̀ ni kò gbọ́ tirẹ̀. Ìyẹn náà ló fi jẹ́ pé kò lè gbójú sókè, bí mo bá fẹ́ fi nǹkan hàn án, mo gbọ́dọ̀ gbé e wálẹ̀ síwájú rẹ̀.

Kí ló fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bò ó, G6PD ni wọ́n ń pè é. Tí kò bá tó lára ọmọ, káńfọ̀ ni ọ̀kan nínú ohun tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa fọ́ bí ìfófòó ọṣẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó rẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ló rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á sì dàgbà darúgbó láì mọ̀ ọ́n rárá. Ó bi mí pé, "Mummy, ṣé ẹ lo káńfọ̀ sí aṣọ rẹ̀?" Títí dòní, tí ẹnì kan bá pè mí ní mummy ní ilé ìwòsàn, ìbéèrè yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Inú bí mi nígbà tí mo wá ka nǹkan wọ̀nyí fúnra mi. Ìlú Ìbàdàn yìí kì í ṣe àlejò ọ̀rọ̀ náà. Ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà níbí, ní àwọn ọdún 1960, ni Lucio Luzzatto, ará Ítálì, ti ń ṣèwádìí lórí G6PD. Ní 1969, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé kòkòrò ibà kì í rí ibi gbé dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní in tó, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lára àwa tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti ayébáyé. Ohun tó gba àwọn baba ńlá Àkànní lọ́wọ́ ibà ló dójú ìjà kọ òun nínú àpótí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìmọ̀ yìí ti wà nílùú wa láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ìyá mi, báwo ni kò ṣe rìn dé ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní òpópónà wa?

Ní ti oòrùn, mi ò ní di gbogbo ẹrù ru nọ́ọ̀sì yẹn. Oòrùn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ní ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń jẹ́ Ward máa ń gbé àwọn ọmọ jáde sí oòrùn. Lọ́jọ́ kan ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà. Ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ibi tí aṣọ bò, tó ṣì pupa rúsúrúsú. Láti ibẹ̀ ni dókítà Cremer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iná tí wọ́n fi ń wo ibà pọ́njú, wọ́n sì gbé e jáde ní 1958. Ní Èkó tiwa níbí, Bọ́lájókòó Olúṣànyà wà lára àwọn tó ta ike bí àtíbàbà fún àwọn ọmọ tuntun, ike tó ń sé oòrùn tó lè jó awọ wọn, tó sì ń jẹ́ kí èyí tó wúlò kọjá. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, ó sì ṣiṣẹ́ bí iná búlúù náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wákàtí làwọn ọmọ yẹn ń lò níbẹ̀ lójúmọ́, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, dókítà sì wà nítòsí. Wákàtí kan lórí ẹní níwájú ilé mi, láìsí ẹni tó mọ iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bímọ. Ọmọ tó bá pọ́n kó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ má ṣe sá a, ẹ gbé e dìde lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ dúdú kì í tètè hàn, ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, ẹ fi ìka tẹ imú rẹ̀ tàbí èrìgì rẹ̀, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ bí ẹ bá ṣe gbé ìka kúrò. Tó bá pupa rúsúrúsú, tàbí tí ọmọ kò bá fa ọmú dáadáa mọ́, ẹ lọ sọ pé ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Tí wọ́n bá ní kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó. Ẹ má dìde.

Àwọn ẹbí kò béèrè ohun tó fà á. Ẹni tó fà á ni wọ́n ń béèrè. Àbúrò bàbá ọkọ mi ní kò ṣẹlẹ̀ rí nílé wọn. Pásítọ̀ kan ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, pé ìyá àgbà kan ní ìdílé mi ló di ọmọ náà lókùn. Ìyá àgbà tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti kú kí n tó wọ ilé ìwé. Àwọn kan sì ń fi Ọbàtálá tù mí nínú, pé ẹni òrìṣà ni, pé ọjọ́ tí òrìṣà mu ẹmu yó ló mọ irú wọn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu mọ́. Onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, ìtàn yẹn rọ̀ mí lọ́kàn ju ti pásítọ̀ lọ. Kò dá ìyá lẹ́bi. Ọwọ́ amọ̀kòkò ló yẹ̀.

Ó kàn jẹ́ pé mi ò lè sá sábẹ́ rẹ̀, torí mo mọ ẹni tó da káńfọ̀ sí àpótí. Odidi ọdún méjì ni mi ò fi lè tẹ̀ síwájú àwọn tó ń ta á lọ́jà Dùgbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo sunkún débi pé ìyá ọkọ mi ta jí. Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Èmi ni mo ṣí i. Ìwọ ló kó o síbẹ̀, èmi ni mo gbé e wọ ọmọ. Jẹ́ kí n ru tèmi." A jọ jókòó síbẹ̀ à ń du ẹ̀bi mọ́ ara wa lọ́wọ́ bí ẹni ń du owó oúnjẹ nílé ìyálóúnjẹ, títí ọ̀kan nínú wa fi rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, mo lè gbọ́ òórùn káńfọ̀ kí n má subú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ, torí òun ni iṣẹ́ mi gan-an.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń po ògì. Mo ní láti pò ó kó ki. Èyí tó ṣàn, tí gbogbo ọmọ ń mu lọ gbuurugbu, òun ló léwu fún Àkànní, torí kì í dúró de ọ̀fun, ó ń yọ̀ lọ sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti sùn ní ilé ìwòsàn nítorí ẹ̀dọ̀fóró, omi lásán ló fa ọ̀kan. Nígbà tó ṣì kéré, rọ́bà tí wọ́n kì bọ imú rẹ̀ la fi ń bọ́ ọ. Báyìí ṣíbí ni. Mo máa ń gbé e jókòó, àgbọ̀n rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, tí orí bá ti fà sẹ́yìn, a ò ní jẹun. Mo máa ń bu ìdajì ṣíbí. Ṣíbí rọ́bà ni, torí ẹnu rẹ̀ máa ń dé mọ́ ọn lójijì, irin á sì ṣẹ́ eyín tí ibà pọ́njú ti sọ di ẹlẹgẹ́. Mo máa ń gbé e sí àárín ahọ́n, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo yọ ọ́. Mo máa ń dúró. Ahọ́n á kọ́kọ́ tì í jáde, mo fi etí ṣíbí gbá a padà. Mo máa ń wo ọ̀fun rẹ̀. Kókó kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń gòkè, tí á tún sọ̀kalẹ̀. Tó bá sọ̀kalẹ̀, a ti mú ọ̀kan. Abọ́ kan máa ń gbà wá ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, nígbà mìíràn wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé mo ní sùúrù. Mi ò ní sùúrù. Ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó ń rán ọrùn wọ́. Ṣùgbọ́n ní ìdí abọ́ ẹ̀kọ yẹn, èmi àti Àkànní máa ń sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó la ẹnu gbàgà. Rárá, ó di ojú. Ó ní ọ̀nà tó ń gbà di ojú tó jẹ́ èébú. Tí mo bá gbàgbé ṣúgà, ó máa ń lo ìyẹn.

Gìrì tó mú un ní ọdún kejì, ẹ má bi mí ní púpọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn aládùúgbò sáré wọlé. Ọ̀kan mú àdí dání, òmíràn ń wá ibi tí iná wà tí wọ́n máa ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀, bàbá àgbàlagbà kan sì ń sọ pé kí wọ́n lọ wá àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe. Àgbo yẹn ti pa ọmọ rí, àwọn dókítà ọmọdé n'Íbàdàn ti ń kìlọ̀ rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ẹnì kan ti ki ṣíbí irin bọ ẹnu rẹ̀ kí n tó dé. Eyín kan lọ níbẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò le: mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀, mi ò ki nǹkan kan bọ ẹnu rẹ̀, mo máa ń wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ni. Oògùn rẹ̀ ò gbọdọ̀ já, bó ti wù kó wọ́n tó, ó sì ti wọ́n láti 2023 débi pé oògùn ló ń sọ iye aṣọ tí mo gbọ́dọ̀ rán lóṣù.

Àga rẹ̀, káfíńtà tó wà ní ìdojúkọ wa ló kàn án. Mo fi fọ́tò kan hàn án lórí fóònù mi, ti òyìnbó, iye owó rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ìyá Àkànní, igun ògiri méjì lásán lèyí." Òótọ́ ni. Ó fi pákó pẹlẹbẹ méjì ṣe igun, kí èjìká rẹ̀ má baà lè yà sẹ́yìn, ó gé ibi tí ìdí máa wọ̀, ó kan tábìlì kékeré mọ́ iwájú rẹ̀. Èmi ló rán fóòmù rẹ̀, mo fi ìyókù aṣọ òkè bò ó, mo rán okùn àyà rẹ̀ pẹ̀lú téèpù onírun tó ń lẹ̀ mọ́ra. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ sì jáde síwájú, ó na ìka kan, ó sì ti bọ́bìnnì mi ṣubú. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Èmi àti káfíńtà náà pariwo bí ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìgbà tí mò ń rán agbádá kékeré fún Àkànní, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí pátápátá kó lè ṣeé wọ̀ fún un lórí ìjókòó, ló tó yé mi.

Níta, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin wà. Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lu òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, òfin náà sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Ibi tí wọ́n ti ń bá Àkànní na iṣan, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà. Àtẹ̀gùn méjìlélógún. Mo máa ń pọ̀n ọ́n gòkè, mo ń kà á, torí ẹ̀yìn rẹ̀ lè ta gan-an nígbàkígbà, tó bá sì ta, àwa méjèèjì la máa balẹ̀. Awakọ̀ Micra a máa wò wá, á ní èrò ti kún, ọkọ̀ ò sì ní èrò kankan.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sọ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé àwọn ò ní olùkọ́ tó mọ irú rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Láti ilé mi, béèyàn bá tètè jáde, á ti débẹ̀ kí ẹ̀kọ tí mo pò láàárọ̀ tó tutù tán. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá ilé ìwé náà. Ó ní, "Ẹ kú ìrójú, mà."

Etí rẹ̀ ló kù. Ìdánwò fi hàn pé etí gan-an kò fọ́, ọ̀nà tí ìró ń gbà wọ ọpọlọ ló dàrú, bí rédíò tí kò mú ìkànnì dáadáa. Lọ́jọ́ kan á gbọ́, lọ́jọ́ kejì kò ní gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ àfetígbọ́ lásán lè má ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ìyá ọkọ mi kò ka gbogbo ìyẹn sí. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti wẹ̀ ẹ́, á gbà á lọ́wọ́ mi, á gbé e jókòó lórí itan, á fa orí rẹ̀ mọ́ àyà ara rẹ̀, níbi tí egungun ọrùn ti pàdé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ọmọ Oníkòyí ni wọ́n. "Àkànní, Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n fi í gbọgbẹ́." Ohùn màmá nípọn, àyà rẹ̀ a máa gbọ̀n bí awọ ìlù. Mo ti fi ọwọ́ kàn án wò, ó ń gbọ̀n lóòótọ́. Apá Àkànní tí kì í sinmi láti òwúrọ̀ dalẹ́ á rọra balẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á là. Dókítà tí mo sọ ọ́ fún kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó kọ, mo rí i pé ó fa ìlà sí i nídìí.

Mo sọ fún oníbàárà mi tó kí mi kú ìrójú pé kó jókòó. Mi ò bá a jà. Mo wọn àyà, mo wọn ìdí, mo wọn apá. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, ó ń yọ́ Àkànní wò láti ẹ̀gbẹ́, títí ó fi bi mí pé, "Ṣé ó ń gbọ́ ohun tí à ń sọ?" Mo ní kó bi í.

Ó rọ́jú. Ó tẹ̀ síwájú, kò súnmọ́ ọn jù, bí ẹni fẹ́ bu omi ní kànga tí kò mọ bó ṣe jìn tó. Mo ní kó wálẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó bá bẹ̀rẹ̀ síwájú àga náà, ìró rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ nínú fọ́nrán òwú. Mo ní Àkànní ni wọ́n ń pè é.

"Àkànní," ó ní. "O kú ilé o."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ yí lọ sápá òsì, ó yí padà, apá kan gbéra, mo gbà á mú. Ẹnu rẹ̀ wá là gbàgà.